Ọyẹ́ ń bọ̀, koríko ń gbẹ: Kí ni ọmọ ewúrẹ́ yóò jẹ ní Ìpele?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọ ìlú Ìpele ní oṣù kìíní ọdún, tó sì fara balẹ̀ wo ẹ̀bá títì, kò ní í béèrè ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fojú ẹran ọ̀sìn rí. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ti gbẹ. Eruku ọyẹ́ ti bo ewé igi. Níbi tí iná ìgbẹ́ bá ti jó kọjá, ilẹ̀ dúdú lásán ló kù. Ewúrẹ́ tó jáde nílé láàárọ̀ yóò rìn títí, yóò máa ṣa bébà àti náílọ́ọ̀nù jẹ lórí ààtàn, yóò sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ikùn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Ìyá ewúrẹ́ lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ọmọ rẹ̀ ni kò lè fara dà á. Ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n bí ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ni yóò kúrò lẹ́nu ọmú. Ìyẹn ni pé àkókò tí wàrà tán lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni koríko tán nílẹ̀. Kò ní ọ̀rá lára tí yóò máa fi gbéra, kò sì lágbára láti bá àwọn àgbà ẹran du ìwọ̀nba èèpo iṣu tí ìyàwó ilé dà sí ẹ̀yìnkùlé. Bí kò bá kú, yóò ràn. Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó kúrú nítorí ìran rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ba tirẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran nìkan. Ní ìlú àgbẹ̀ bí Ìpele, tí kòkó, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo jẹ́ iṣẹ́ ojúmọ́, ewúrẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ń jẹun lójoojúmọ́. Báńkì ni. Àwọn ìyá ló sì sáábà máa ń ni ín. Owó ilé ìwé, owó oògùn, owó aṣọ òkú, láti ara ewúrẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oṣù kìíní tí ilé ìwé wọlé ni ẹran rù jù. Àwọn tó ń ra ẹran Kérésìmesì àti ọdún tuntun ti lọ, gbogbo ènìyàn ló sì fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà. Alájàpá yóò fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ewúrẹ́, yóò kan egungun, yóò sì dá iye tó wù ú lé e. Ẹni tó bá lè fi oúnjẹ gidi mú ẹran rẹ̀ kọjá oṣù kẹta, tí òjò fi rọ̀, tí àwọn tó fẹ́ sìn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹran kiri, ọjà mìíràn ni yóò bá pàdé.

Bí òyìnbó ṣe ń bọ́ ọmọ ẹṣin

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹṣin ló ń fa irú àròjinlẹ̀ yìí. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni abo ẹṣin púpọ̀ ń bímọ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, wọ́n á já a lẹ́nu ọmú, òtútù á sì dé. Koríko kì í hù nínú òtútù wọn, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í hù nínú ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Ọmọ ẹṣin tó wọn 200 kílò yóò jẹ tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún koríko gbígbẹ lóòjọ́. Bí èèyàn bá ṣírò rẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, kò ní í jìnnà sí 800 kílò fún ọmọ ẹṣin kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè wá ìyẹn rí nínú yìnyín. Nítorí náà, inú oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí oòrùn ń ràn tí koríko sì wà ní ọ̀dọ́, ni wọ́n ti ń gé e, wọ́n á sá a, wọ́n á dì í, wọ́n á sì kó o sí abà. Ẹni tó ní ẹṣin lọ́hùn-ún kì í dúró di ọjọ́ tí ebi dé kó tó wá oúnjẹ.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ igbó, àwọn baba wa sì mọ èyí dáadáa. Ọ̀yọ́ Ilé tó fi ẹṣin jagun, inú ilẹ̀ ọ̀dàn ló wà, láti òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin wọn. Bí ẹṣin bá ti wọ inú igbó, eṣinṣin tsetse, tó ń gbé àrùn oorun fún ènìyàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, àìsàn á sì mú un balẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ẹlẹ́ṣin Ìlọrin rí i pé ogun ẹ̀bá igbó yàtọ̀ sí ti ọ̀dàn. Títí di òní, ẹṣin ayẹyẹ ló pọ̀ jù ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tí àwọn ìdílé Balógun ń gùn níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn kúkúrú tiwa ló bá igbó mu. Ara wọn ti mọ àrùn tí eṣinṣin náà ń gbé kiri, wọ́n sì lè gbé níbi tí ẹṣin àti màlúù ńlá òkè Ọya kò lè pẹ́. Ewúrẹ́ yìí ń bí ìbejì léraléra, oṣù márùn-ún péré ló sì fi ń lóyún. Ohun tí kò tíì bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sìn ín ni àṣà ẹlẹ́ṣin òyìnbó yẹn, ìyẹn kíkó oúnjẹ pamọ́. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Ikùn kún, ebi ń pa á

Àwọn kan yóò sọ pé ewúrẹ́ kì í wá oúnjẹ tì, pé koríko gbígbẹ ṣì wà nínú oko. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú koríko náà. Koríko tútù ní àkókò òjò lè ní purotéènì, ìyẹn èròjà tó ń mú ara dàgbà, tó ìdá 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí koríko yẹn bá gbó tó sì gbẹ, ó lè já sí 3 tàbí 4. Ewúrẹ́ kọ́ ló sì ń da koríko fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló kún inú àpòlúkù rẹ̀, àwọn ló ń bá a fọ́ koríko tó jẹ kó tó di ohun tí ara lè lò. Àwọn kòkòrò yẹn náà ní oúnjẹ tiwọn. Bí purotéènì inú ohun tí ẹran ń jẹ bá lọ sísàlẹ̀ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Koríko á wá jókòó sínú àpòlúkù, kò ní í dà, ẹran kò sì ní í lè jẹ òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ewúrẹ́ tí ikùn rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdù lóṣù kejì, síbẹ̀ tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

Nítorí náà, ohun tí èèyàn ń wá ní ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun tí yóò kún ikùn. Ewé tútù díẹ̀ tó ní purotéènì ni, tí yóò jí àwọn kòkòrò inú àpòlúkù, kí koríko gbígbẹ àti èèpo tí ẹran jẹ tó lè wúlò fún un.

Ọlọ́run ti fi irú ewé bẹ́ẹ̀ sí agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Àwọn àgbà mọ ewé ìyeyè, wọ́n sì ti ń so ó kọ́ fún ewúrẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyeyè nìkan ní àbùkù kan: ó máa ń wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù. Igi ọdán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tútù ló máa ń wà, ewúrẹ́ àti àgùntàn sì fẹ́ràn ewé rẹ̀. Ewé ìpín náà wà, tí àwọn ìyá fi ń fọ ìkòkò; bó ti le lọ́wọ́ tó yẹn, ewúrẹ́ kò kọ̀ ọ́.

Igi tó gba iwájú ni agúnmániyè. Láti Mẹ́síkò àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa débi pé àwọn kan rò pé ti baba wọn ni. Wọ́n ń fi ṣe ọgbà, wọ́n ń fi ṣe èdìdì iṣu, wọ́n sì ń gbìn ín kó ṣíji bo kòkó. Purotéènì inú ewé rẹ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn ni pé ó ju ti koríko gbígbẹ lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ lò ó mọ̀. Èkíní, bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ láìgé, yóò wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì máa tanná. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kí òjò tó lọ tán, ewé tuntun tó bá rú ni yóò dúró sórí rẹ̀ nínú ọyẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni gígé yẹn, òun ló sì ya ẹni tí igi rẹ̀ wúlò sọ́tọ̀ sí ẹni tí igi rẹ̀ kàn dúró gbalaja. Èkejì, ewé náà ní òórùn, ewúrẹ́ tí kò tíì jẹ ẹ́ rí lè gbé orí kúrò. Kí wọ́n gé e lálẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó rọ di àárọ̀, kí wọ́n wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fún wọn kí wọ́n tó rí ohun mìíràn jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ni yóò máa pariwo pè é. Ẹ̀kẹta kan ẹni tó bá ní ẹṣin nílé: kò gbọdọ̀ fi ewé yìí bọ́ ọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe igi náà, Gliricidia, apa-eku ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìn. Àpòlúkù ewúrẹ́ àti àgùntàn mọ bí yóò ti ṣe é, ẹṣin kì í ṣe ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ilẹ̀ ta ni, igi ta ni?

Kì í ṣe òní ni àwọn olùwádìí ti sọ èyí fún àgbẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń pè ní ILCA, tó ní ẹ̀ka nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, ti ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú ní àwọn abúlé agbègbè Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n gbin agúnmániyè àti igi mìíràn tó ń jẹ́ Leucaena ní ìlà ìlà, kí wọ́n sì máa gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín. Ewé á máa sọ ilẹ̀ dọ̀tun, ìdá kan nínú rẹ̀ á sì máa lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Leucaena dára púpọ̀, àmọ́ kò yẹ kó ju ìdá mẹ́ta oúnjẹ ẹran lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, irun ẹran á máa re.

Iṣẹ́ náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n lóko, kò gbilẹ̀ tó bí wọ́n ti rò, ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó yá ilẹ̀ dáko lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gbin igi, onílẹ̀ yóò bi í léèrè pé ṣé ó fẹ́ sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀ ni. Lọ́nà kejì, àwọn obìnrin ló ni ewúrẹ́, àwọn ọkùnrin ló ni ilẹ̀. Ẹni tí àǹfààní ewé náà kàn kọ́ ni wọ́n ní kó gbin igi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ọ̀nà àbáyọ fún ìyá tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta ní Ìpele kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọgbà tó yí ilé ìdáná ká, ọgbà tó yí gàá ewúrẹ́ ká, kò sí onílẹ̀ tí yóò bá a jà nítorí ìyẹn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kó gé ọ̀pá agúnmániyè tó ga tó ènìyàn, kó rì í mọ́lẹ̀. Fún bí ọdún kan àkọ́kọ́, kó má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa gé e, á sì máa hù.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń dà nù

Ewé nìkan kò tó. Ọmọ ẹran nílò ohun tó ń fúnni lágbára, èyí sì wà ní ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Ibi tí ẹ̀gẹ́ bá ti pọ̀, èèpo á pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń jẹrà lórí ààtàn tàbí tí wọ́n ń dáná sun, tí òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò.

Ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, ní májèlé tó lè pa ẹran, ó sì máa ń tètè pa ẹran tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ tó wá já lu òkìtì èèpo. Oòrùn ni oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá sá èèpo náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tàbí tapólì, tí wọ́n ń yí i, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn ti tó kó gbẹ kankan, májèlé á sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Nínú òjò ni kò rọrùn, nítorí èèpo tí kò tètè gbẹ yóò bu, èébu náà sì ní májèlé tirẹ̀. Èèpo tó ti bu kò yẹ kó dé ẹnu ẹran.

Àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ ILRI, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ILCA, gbé ọ̀nà kan jáde ní Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 2010, tí àwọn oní-gàrí kò sì ní í rí bí ohun àjèjì. Wọ́n ní kí wọ́n ṣa iyẹ̀pẹ̀ àti kùkùté kúrò nínú èèpo, kí wọ́n rin ín nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí wọ́n dì í sínú àpò, kí wọ́n fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde bíi ti gàrí, kí wọ́n wá tú u, kí wọ́n sì sá a. Ohun tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ á gbẹ láàárín ọjọ́ kan tí oòrùn bá mú. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń fúnni ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Ohun tí àwọn obìnrin ń sanwó kí wọ́n bá wọn kó dànù tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí àwọn tó ń po oúnjẹ ẹran ń rà. Ibi tí èyí bá ti gbòde, ẹni tó ń sin ewúrẹ́ lè má tún rí èèpo ọ̀fẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ìyá oní-gàrí àti àwọn ìyá ewúrẹ́, tí wọ́n sáábà máa ń jẹ́ ẹnì kan náà, rò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ tó wọn bíi kílò 10 nílò nǹkan bíi 400 gíráàmù oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá dé ìparí oṣù kẹta, bíi ọjọ́ 120, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 50 lọ. Ẹ fi èyí wé 800 kílò ọmọ ẹṣin òyìnbó. Bí ìdajì bá jẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, kílò 25 nìyẹn, tí yóò jáde láti inú nǹkan bíi kílò 75 èèpo tútù. Àpò bíi mélòó kan lásán ni, tí wọ́n lè sá kó tó di Kérésìmesì. Ìdajì yòókù á wá láti ara ewé, nǹkan bíi kílò kan ewé tútù lóòjọ́, àti láti ara ohun tí ilé bá ní: ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà tí wọ́n tu ní oko tí wọ́n sì sá gbẹ nígbà ìkórè, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, èèrí ògì. Ọmọ ewúrẹ́ tó bá rí irú oúnjẹ yìí lè máa fi 40 sí 50 gíráàmù kún ara lójoojúmọ́, èyí tó jẹ́ bíi kílò márùn-ún kí òjò tó dé. Èyí tí wọ́n ní kó máa wá tirẹ̀ jẹ kiri lè má fi ohunkóhun kún un.

Ìkìlọ̀ kan pọndandan: kí wọ́n má ṣe fún ẹran ní oúnjẹ tuntun ní àkúnya lọ́jọ́ kan náà. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti àgbàdo ń yára kan nínú àpòlúkù tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ó sì lè pa ẹran láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ni kí wọ́n fi máa bù ú díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó sún mọ́ odò tàbí àkùrọ̀ lè ṣe ju èyí lọ. Koríko tó wà níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá, kó tó so èso, ṣì ní oúnjẹ nínú. Bí wọ́n bá fi àdá gé e láàárọ̀, tí wọ́n sá a fún ọjọ́ méjì nínú oòrùn, tí wọ́n sì dì í bí ìtí igi, tí wọ́n kó o sórí àjà, ohun tí ẹlẹ́ṣin òyìnbó ń ṣe gan-an ni wọ́n ṣe yẹn. Àwọ̀ ewé ló yẹ kó wà lára rẹ̀ títí. Èyí tó bá ti pọ́n, oòrùn ti gba ire inú rẹ̀.

Omi, aràn àti kata

Oúnjẹ gbígbẹ láìsí omi, ìyà lásán ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ewúrẹ́ kì í mumi, nítorí pé ní àkókò òjò, inú ewé tútù ni ó ti ń rí i. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń jẹ èèpo gbígbẹ, ó lè mu lítà kan lóòjọ́, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú á sì mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igbá omi mímọ́ kò wọ́n, àfi ní ibi tí kànga ti gbẹ.

Aràn tí ẹran kó nínú koríko tútù gbogbo àkókò òjò náà wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Bí wọn kò bá fún un ní oògùn aràn ní oṣù kọkànlá, aràn ni wọ́n ń bọ́, kì í ṣe ewúrẹ́.

Kata ló burú jù. Imú á máa ṣàn, ojú á máa ṣepin, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ọmọ ẹran ló sì ń tètè kú. Ó fẹ́ràn àkókò ọyẹ́, nígbà tí ebi ti sọ ara ẹran di ahẹrẹpẹ. Àrùn yìí kò ní oògùn tó ń wò ó, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ pé inú kòkòrò àrùn tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1975 ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, tí wọ́n sì ń pè é ní Nigeria 75/1 títí di òní. Ilé iṣẹ́ NVRI ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe é. Àjọ FAO àti àjọ ìlera ẹranko lágbàáyé sì ti fi ọdún 2030 ṣe gbèdéke tí wọ́n fẹ́ kí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ inú yìnyín ni, ó sì máa ń gba pé kí àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ, nítorí ìgò kan ń tó ọ̀pọ̀ ẹran, dókítà ẹran kò sì ní í ṣí i fún ewúrẹ́ méjì.

Síso ẹran mọ́lẹ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ òfin. Ní ọdún 2021, nígbà tí olóògbé Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó buwọ́ lu òfin tó dènà fífi ẹran jẹko ní gbangba. Màlúù ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ ewúrẹ́ tó bá wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìdílé tipẹ́ kí òfin ìjọba kankan tó wà. Ẹni tó bá so ẹran mọ́lẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìjà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ olè àti ọkọ̀ títì. Gbèsè tó kù sí i lọ́rùn ni oúnjẹ, nítorí ẹran tí wọ́n so kò lè wá tirẹ̀ jẹ.

Àgbò Iléyá ti ń súnmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn

Ohun tí a ti sọ nípa ewúrẹ́ kan ọ̀dọ́ àgùntàn náà. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ kò fi àgbò ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́: orí àgbò tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní osamasinmi, wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà tó mú orúkọ Ọ̀wọ̀ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, ojúbọ àwọn baba ńlá ni wọ́n sì ń gbé e sí. Lónìí, ọjà Iléyá ló ń sọ iye àgbò.

Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí sì ń fa ọjọ́ Iléyá sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ló bọ́ sí, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àgbò tó rù ní ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ráyè sanra padà. Ní ọdún 2030, yóò bọ́ sí nǹkan bí àárín oṣù kẹrin. Nígbà tó bá fi máa di ọdún 2033, yóò ti wọ oṣù kẹta, ìgbà tí oko gbẹ jù, tí àgbò tó ń jẹ káàkiri kò ní ju egungun lọ. Ọ̀pá agúnmániyè tí wọ́n bá rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé ní òjò tó ń bọ̀ yìí á ti dàgbà tó láti bọ́ àgbò ọdún yẹn.